Kangarú Pupa Kì í Ṣe Ewúrẹ́

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ohùn kan ń lọ láti fóònù dé fóònù lórí WhatsApp. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní kangarú pupa, ẹranko ilẹ̀ Ọsirélíà tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, kò yàtọ̀ sí ewúrẹ́: kéèyàn so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kó máa fún ọmọ rẹ̀ ní mílíìkì màlúù, owó dé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ mílíìkì yẹn ló ká mi lára jù. Ara ọmọ kangarú kì í lè lo ṣúgà inú wàrà màlúù dáadáa. Ìgbẹ́ gbuuru á mú un, ojú rẹ̀ sì lè fọ́. Ìgbà tí wọ́n bá bí i, kò wúwo tó gíráàmù 1. Nǹkan bí oṣù 8 ló fi ń gbé inú àpò ìyá rẹ̀, wàrà ìyá náà a sì máa yí padà bó ṣe ń dàgbà. Kò sí agolo kankan ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà tó lè rọ́pò ìyẹn.

Okùn ńkọ́? Akọ tó ti gbó lè wúwo tó kílò 85, ìfò rẹ̀ kan sì lè ju mítà 7 lọ. Bó bá ń jà, á fi ìrù gbé ara ró, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tani nípàá. Kódà, ìgbẹ́ ológbò àdúgbò lè kó àrùn tó ń pa á ràn án.

Òfin Ọsirélíà kò sì gbà kí wọ́n kó o láàyè jáde fún òwò ohun ọ̀sìn. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í níbi tó ti rí tirẹ̀.