Omi tútù kọ́ ló ń yún yín lọ́fun o

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ dàgbà l'Ékòó yìí, ì báà jẹ́ Múṣin, ì báà jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó, ti gbọ́ ọ rí. Ẹ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, màmá yín ti pariwo láti kíṣìnì, "Mo ṣáà sọ fún ẹ, omi fíríìjì yẹn náà ni!" Ọ̀fun ń yún yín, omi tútù ni. Ohùn há, omi tútù ni. Bí NEPA bá sì ti mú iná lọ látàná tí fíríìjì ò tutù rárá, wọ́n á ní ẹ̀pà tí ẹ jẹ ni.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ jàre. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, ara ẹlòmíì lẹ sì ti ń kó o, kò sí nínú yìnyín. Àwọn dókítà gan-an, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ yọ tọ́ńsìlì ọmọdé, ìyẹn ẹran kékeré méjì tó wà lọ́nà ọ̀fun, wọ́n máa ń jẹ́ kó lá áísìkirímù, torí òtútù máa ń dín ìrora kù. Tó bá jẹ́ òtútù ló ń ba ọ̀fun jẹ́, ṣé wọ́n á gbé e lé ojú ọgbẹ́ ni?

Kí ló wá dé tó fi ń jọ òótọ́? Ẹ wo ìgbà tí a máa ń mu omi tútù ọ̀hún ná. Ẹ ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Óṣòdì, fèrèsé dáńfó ò ṣeé tì, tírélà kan ń tu èéfín dúdú sí yín lójú, eruku ń fò, ooru wá mú yín débi pé ẹ nawọ́ sí ọmọ tó gbé píọ̀ wọ́tà lérí, ẹ fi eyín já igun ọ̀rá, ẹ fà á gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di alẹ́, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Omi lẹ máa rántí, torí omi lẹ fowó rà. Èéfín tí ẹ ti ń fà símú láti wákàtí méjì, ọ̀fẹ́ nìyẹn, ta ló máa rántí ẹ̀?

Èéfín àti eruku yẹn gan-an ló yẹ ká mú. Tí ara yín ò bá gba nǹkan kan, á tú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní histamine sílẹ̀, òun ló ń mú kí ọ̀fun, òkè ẹnu àti ojú máa yún, kí ẹ sì máa sín. Èéfín àti eruku sì tún lè ta ọ̀fun fúnra wọn. Ó lè jẹ́ eruku ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó lè jẹ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, kọ́ìlì ẹ̀fọn tí ẹ tàn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí ògiri tó rin lẹ́yìn òjò tó ń yọ dúdúdúdú. Kàtá náà wà ńbẹ̀, ikun imú á máa ṣàn gba ẹ̀yìn lọ sọ́fun tí ẹ bá dùbúlẹ̀. Ẹni tó jẹ àmàlà ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó sùn lé e lórí, omi kíkan inú rẹ̀ lè gòkè wá ta á lọ́fun. Èyí táwọn èèyàn kì í mọ̀ rárá ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril àti ramipril, wọ́n lè mú kí ọ̀fun ẹlòmíì máa rìn ín kó sì máa wúkọ́ gbígbẹ. Tí bàbá yín bá ń lo ọ̀kan níbẹ̀, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn o, kí wọ́n lọ bá dókítà, ó lè pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé tí a bá ti dá omi lẹ́bi tán, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ló kàn, á sì ko antibáyótíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà, lé wa lọ́wọ́. Antibáyótíìkì ò pa fáírọ́ọ̀sì, kò sì pa eruku!

Iyọ̀ tó wà nílé ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ po ìlàjì ṣíbí tíì ẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀pù omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbà á sẹ́nu, ẹ dá orí sẹ́yìn kí ẹ jẹ́ kó hó gbùgbùgbù lọ́nà ọ̀fun, kí ẹ wá tu ú dànù. Oyin náà dáa, àmọ́ kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 1 má fẹnu kàn án. Tó bá jẹ́ eruku tí ara yín ò gbà ni, oògùn tó ń dènà histamine bíi loratadine tàbí cetirizine 10mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ máa ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Piriton, tóun náà jẹ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oorun ẹ̀ le, ẹ má lò ó kí ẹ wá gbé ọkọ̀ gun afárá Third Mainland.

Ẹ má sọ pé mo ní kí gbogbo ayé máa mu yìnyín ṣá. Ẹni tó ní ásímà, nǹkan tútù lè mú un húkọ́ lóòótọ́. Ikọ́ tó bá sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ sí ọsibítù ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún TB (ikọ́ ife), ọ̀fẹ́ ni. Tí èèyàn bá wá jẹ edé tàbí ẹ̀pà, tí ọ̀fun ń yún un, tí ètè ń wú, tí èémí ń há, ẹ má wá iyọ̀ wá oyin kankan, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.