Ẹ ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, ta ló ń wọlé tọ̀ ọ́?

Ọmọ Òkè-Àró: Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ládùúgbò wa ní Àkúrẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun, àdáwà ń bá a fínra. Kò sí ọmọdé tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí i. Lóṣù tó kọjá, odindi ọjọ́ mẹ́ta la ò fi rí i níta. Ibà ló dá a gúnlẹ̀. Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì ló kan ilẹ̀kùn, kì í ṣe àwa. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ èèyàn jẹ wá lógún.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀: Àbúrò, rọra. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé wá bi mí bóyá mo ti jẹun, ohun tí wọ́n máa lọ rò níta ni wọ́n ń wá. Ẹni tó kí mi lẹ́nu ọ̀nà tó bá tirẹ̀ lọ, òun ló ṣe mí lóore.

Ará Alágbàkà: Àdáwà kẹ̀? Àrùn òyìnbó nìyẹn. Àwọn ló yan mínísítà fún un ní Britain lọ́dún 2018. Nínú agboolé, ta ló ń dá wà?

Nọ́ọ̀sì Òǹdó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2025 pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni àdáwà ń bá fínra. Láwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù, nǹkan bí 24 nínú 100 ni. Láwọn tó lówó jù, bí 11. Ikú bí 871,000 lọ́dún ni wọ́n so mọ́ ọn. Agboolé wo sì lẹ ń wí? Ní Alágbàkà yín, fẹ́ńsì ga ju èèyàn lọ.

Ọmọ FUTA: Àwa méjìlá là ń fa omi nínú kàǹga kan. “Ẹ káàárọ̀” la fi ń kọjá lára ara wa. Ọjọ́ tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ìyá tó ń ta oúnjẹ ní géètì nìkan ló rí i lójú mi.

Ọmọ Òkè-Àró: Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Òótọ́ ni, àtojúbọ̀ ò dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi bàbá léèrè, ó ní látọjọ́ tí ìyàwó òun ti lọ, òun ò fẹnu kan iyán mọ́, ta lòun fẹ́ bá jẹ ẹ́? Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, a ò bi í rí.

Ìyá Ìbejì Ìjàpọ̀: Ọ̀rọ̀ iyán yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún méjì ni odó mi fi dojú dé lẹ́yìn ọkọ mi. Màá gún un lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bá mi kọ́kọ́ bi bàbá bóyá wọ́n á fẹ́ ká wá. Bí wọ́n bá ní rárá, má fi dandan mú wọn.