Owó Mi Ni Mo Fi Ra Ẹ̀rù

Ẹ wò ó, wọn ò dá mi padà wá láti Amẹ́ríkà o. Ọdún Kérésì ni mo wá ṣe ní Kàbà. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ wà nínú báàgì mi. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ, kò sẹ́ni tó gbà.

Fọ́tò ló fà á. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ohio ní ká lọ gbádùn ara wa ní Cedar Point, ọgbà ìgbafẹ́ kan nílùú Sandusky. Ìgbádùn ọ̀hún, ọkọ̀ tó ń sáré lórí ojú irin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 310 ni! Millennium Force ni wọ́n ń pè é, àtọdún 2000 ló ti ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Mo sanwó wọlé, mo tún tò sórí ìlà kí ẹ̀rù tó kàn mí. Èmi tí mo ti gun ọ̀kadà tí ò ní bíréèkì, àwa mẹ́ta pẹ̀lú àpò gàrí. Mi ò tò fún ìyẹn rí.

Okùn wáyà ló fà wá gòkè. Adágún Erie ń dán nísàlẹ̀, èmi ń ro ẹni tó máa jogún ilẹ̀ mi. Bá a ṣe yọ lórí ṣóńṣó báyìí, wáyà fi wá sílẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan nínú ọkọ̀ yẹn o! Ìwúwo wa ló ń sáré, máìlì 93 ní wákàtí kan. Àbúrò ìyá mi, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn wa tírélà gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja, kò tiẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu: "Fíríì ni wọ́n fi sọ̀. Àwa náà ń ṣe é tí epo bá fẹ́ tán."

Ẹ̀rọ kan ti ya fọ́tò wa lójijì níbẹ̀. Ẹnu mi là bí ẹnu odù, irin dábùú itan mi, òyìnbó tó jókòó tì mí na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo rà á, owó tún nìyẹn, mo fi ránṣẹ́ sí Màámi lórí WhatsApp. Mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Màámi wo irin, wọ́n wo ọwọ́ tó wà lókè, wọ́n figbe ta: "Wọ́n ti mú un!" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ fi gbààwẹ̀ kí wọ́n má bàa dá mi padà sílé. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọlé dé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo.

Látìgbà náà, "Okun o" tí wọ́n ń kí mi ti yàtọ̀. Okun ọlọ́fọ̀ ni. Lánàá, àbúrò ìyá mi pè mí sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n má ronú, àwọn ti nu ọ̀kadà àwọn sílẹ̀ fún mi kí n máa fi rí jẹ ná. Bíréèkì ẹ̀ nìkan ló kù díẹ̀ káàtó.