Ìkẹjà kì í ṣe ìgékúrú orúkọ òyìnbó kankan

Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ kó tó tún yọ lórí WhatsApp: pé ìjọba òyìnbó ló sọ Ìkẹjà lórúkọ, pé inú Ikorodu and Epe Joint Administration ni wọ́n ti ṣa lẹ́tà rẹ̀ jọ. Irọ́ ni.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣà á ná. Wọ́n mú I àti K lára Ìkòròdú, wọ́n mú E kan ṣoṣo lára Ẹ̀pẹ́, wọ́n fo and, wọ́n wá mú J àti A. Ta ló ń gé orúkọ kúrú báyìí, àfi ẹni tó ti mọ ibi tó fẹ́ já sí kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ká tilẹ̀ fi ti lẹ́tà sílẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbè é. Ọwọ́ ìlà-oòrùn ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà sí Ìkẹjà, àwọn méjèèjì sì wà létí ọ̀sà. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìkẹjà. Kí ló máa gbé ìjọba àjọṣe ìlú méjì débi tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ìlú kẹta? Nínú ìkànìyàn ọdún 1952, Division (ẹkùn ìṣàkóso) Ẹ̀pẹ́ dá dúró, ti Ìkẹjà dá dúró, ti Badagry náà dá dúró. Orúkọ ìlú tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n fi sọ Division, kì í ṣe ìdàkejì.

Àwọn Àwórì ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní ara Akẹjà, òrìṣà àwọn ará Ọ̀tà, ni orúkọ náà ti wá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àwórì ni Ọ̀tà, Àwórì ni Ìkẹjà, nítorí náà ó bá ilẹ̀ mu. A sì ní orúkọ ìlú míì tó bẹ̀rẹ̀ bíi ti Ìkẹjà: Ìkòyí, Ìkọ̀tún, Ìkirè àti Ìkirun. Kò sẹ́ni tó ń wá gẹ̀ẹ́sì nínú wọn.

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí rọrùn láti gbà ni pé Èkó ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. FESTAC gba orúkọ rẹ̀ lára àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé lọ́dún 1977. CMS ni Church Missionary Society. IBILE, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹkùn márùn-ún Ìpínlẹ̀ Èkó pọ̀, sì ni Ìkòròdú, Badagry, Ìkẹjà, Lagos àti Ẹ̀pẹ́. (Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú IBILE, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ìkòròdú, Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́ ní.) Gbogbo wọn ló ní ohun kan tí wọ́n gé wọn kúrò lára rẹ̀, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ránṣẹ́, ẹ bi í pé ọdún wo ni wọ́n dá Joint Administration yẹn sílẹ̀, ta ni ọ̀gá rẹ̀, inú gazette (ìwé ìkéde ìjọba) wo ló wà? Ìjọba tó gba owó orí, tó san owó oṣù, kò lè ṣàìfi ìwé sílẹ̀. National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni àwọn fáìlì Commissioner of the Colony, ọ̀gá tó ń ṣàkóso agbègbè Èkó nígbà òyìnbó, wà, ComCol ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi wá a nínú ìwé atọ́ka, kí ẹ sì máa fọkàn sí i pé sípẹ́lì ìgbà yẹn kì í dọ́gba: Badagry lè jáde bíi Badagri.