Orí wa ni wọ́n ń fá, àwa ò sì sí níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ló há sí mi lọ́fun látọjọ́ tí mo ti dé láti Èkó, mo kọ́kọ́ ní n ò ní sọ ọ́ torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi débẹ̀, kó má di pé mo bà á jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀, àmọ́ ẹnu ń yún mi. N ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni ṣá.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé POS ni mò ń ṣe ní Mókólá n'Ìbàdàn, ọdún keje rèé tí mo ti wà lábẹ́ ańbùrẹ́là yẹn (ańbùrẹ́là kẹrin ni o, atẹ́gùn ti gbé mẹ́ta lọ). Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù owó ṣiṣẹ́. Ló bá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, "Àǹtí, kọ́nfúrẹ́ǹsì kan wà ní VI l'Ékòó, lórí òfin owó orí fóònù àti bí èèyàn ṣe ń sanwó, ẹnì kan nínú wa ò lè lọ mọ́, ṣé ẹ máa wá jókòó sáyè ẹ̀?" Mo ní èló ni wọ́n ń gbà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹ ṣáà máa bọ̀, ọ́fíìsì ti san án. Ìgbà tí mo wá padà rí iye tó jẹ́, ńṣe ni mo wá ibi jókòó. Owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ POS lọ́jọ́ kìíní àná ò tó o. Fún ọjọ́ méjì! Tíì àti mítípáì ló wà nínú ẹ̀.

Mo gbéra ní Challenge láago márùn-ún ìdájí, mo wọ àńkárá tá a fi ṣe ìkómọ ọmọ àbúrò mi, mo dé gbọ̀ngàn, òtútù AC fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Wọ́n fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, "Delegate" ni wọ́n kọ sí i. Àwọn kan ń jẹ́ "Speaker", àwọn kan ń jẹ́ "Regulator", àwọn kan "Sponsor". Mo wò yíká títí bóyá màá rí oní-POS kan ṣoṣo, kò sí. Bẹ́ẹ̀ orúkọ wa ni wọ́n ń pè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, fọ́tò obìnrin kan tiẹ̀ wà lójú ògiri tó jókòó lábẹ́ ańbùrẹ́là bíi tèmi, eyín ẹ̀ funfun kinniwin, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń bi ara mi pé kí lẹni yìí rí tó ń pa á lẹ́rìn-ín báyìí, àbí wọn ò yà á lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

"Financial inclusion." Ọ̀rọ̀ yẹn, mo fi ìka kà á títí, ìgbà tó pé ogójì mo jáwọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ò ju pé kí ìyá aláta náà ní àkáǹtì, kó lè fowó ránṣẹ́ sọ́mọ ẹ̀ nílé ìwé láì wọkọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an? M-PESA, ìfowóránṣẹ́ orí fóònù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2007 tí gbogbo wọn ń yìn lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń ta káàdì ìpè lẹ́bàá títì wà lára àwọn tó gbé e rìn. Ìyá aláta ò mọ ọ̀nà báńkì, èmi ló mọ̀. Èmi ló ń bá a ka àlẹ́ẹ̀tì, èmi ló ń bá a yí PIN padà nígbà tó bá gbàgbé (mo sì máa ń ní kó gbójú kúrò lára mi kó tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ PIN yín sókè níta, ẹ jáwọ́).

Nígbà tó wá di ọ̀sán, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ òfin tiwa dé. Ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin kan, lórí àga rọ̀gbọ̀kú. Ṣé ẹ rántí pé December 2024 ni CBN ti ní kọ́sítọ́mà kan ò gbọdọ̀ gbà ju N100,000 lọ lóòjọ́ lọ́dọ̀ oní-POS, àwa náà ò sì gbọdọ̀ sanwó jáde kó kọjá N1.2 mílíọ̀nù lóòjọ́. Ìwé òfin tuntun wá jáde ní October 2025, ó tún un tẹnu mọ́, ó wá fi lé e pé láti 1 April 2026, oní-POS kan, ilé iṣẹ́ kan, kò sí pé mò ń ṣe ti méjì pọ̀ mọ́. Wọ́n sì ti ní ká so ẹ̀rọ mọ́ ibi tá a ti ń lò ó, kí wọ́n lè máa rí ibi tó wà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sókè ní N1.2 mílíọ̀nù ti tó, pé àwọn oní-POS máa mọ́ra. Mo fẹ́ dìde. Lọ́jọ́ lásán ó tó mi lóòótọ́, n ò ní purọ́, ọjọ́ míì wà tí n ò ní í dé ìdajì ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí owó oṣù wọlé, kó tún bọ́ sí Fraidé, kí ATM gbogbo àdúgbò má pọ owó, láago méjì ọ̀sán ni màá ti kan ògiri, màá wá jókòó máa wo ojú èèyàn, àwọn yẹn á rò pé mo kó owó pa mọ́ ni. Bíríkìlà tó fẹ́ gbowó àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ mẹ́jọ ńkọ́, N100,000 níbo? Ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló tún burú jù lójú tèmi. Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì mi, ojúkòkòrò kọ́. Tí ọ̀kan bá ti ń yí kiri tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, màá gbé èkejì, kọ́sítọ́mà ò ní dúró dè mí, ọmọ kan wà níkọjá títì tó ń wò mí. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ fún ọ̀kan yẹn kó má dákú mọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn gbájúẹ̀ ń fi POS kó owó olówó lọ, àwọn ajínigbé pàápàá ń lò ó gba owó, ẹ̀rọ tó bá ní àdírẹ́sì á le fún wọn díẹ̀. Èmi fara mọ́ ti àdírẹ́sì yẹn dáadáa. Wàhálà mi kì í ṣe pé òfin wà. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ohun tí mo sì rí ní VI lọ́jọ́ yẹn rèé, orí tiwa ló wà lábẹ́ abẹ, àwọn tó dúró yí abẹ ká wá ń jiyàn irú gígẹ̀ tó máa bá a mu, àwọn kan fẹ́ kó dán, àwọn kan ní kí wọ́n dá díẹ̀ sí níwájú, olórí wà ní Mókólá, ó ń ka owó.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbàgbé owó tuntun ni? 26 October 2022 ni wọ́n kéde ẹ̀, wọ́n ní N200, N500 àti N1,000 àtijọ́ máa kú tó bá di 31 January 2023, wọ́n tún sún un sí 10 February, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù fi wá dá a ní 3 March pé ká máa ná an lọ títí ọdún á fi parí. Láàárín yẹn, mo gba N2,000 lórí N10,000. Mo gbà á. Wọ́n bú mi débi tí mò ń sunkún wọlé, ìyàwó pásítọ̀ wa ò kí mi fún bí oṣù kan. Àmọ́ èmi náà ra owó yẹn ni, ẹni tó tà á fún mi ti jẹ tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bú ẹni yẹn torí kò jókòó sẹ́bàá títì.

Èyí tí inú mi dùn sí ni ti May 2024, tí CBN ní kí wọ́n máa yọ N5 lórí N1,000 tí èèyàn bá fi ránṣẹ́, pé owó ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù ni wọ́n gbé e jáde, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi fà á padà. Gbogbo ìlú ló figbe ta, lórí rédíò, nínú mọ́tò, lórí WhatsApp, àwọn aṣòfin náà gbè wá lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n á ní CBN máa ń gbé àbá òfin síta kí èèyàn sọ tẹnu ẹ̀ kó tó di òfin. Òótọ́ ni, "exposure draft" lorúkọ ẹ̀. PDF ni, òyìnbó ni látòkè délẹ̀, irú òyìnbó tó jẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó lọ yunifásítì pàápàá ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí wọn ò lè kà á lédè Yorùbá lórí rédíò láàárọ̀, kí wọ́n gba ìpè? Àwa tá à ń ṣe é ò ní í pẹ́ sọ fún wọn ibi tó ti jò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n sọ tó mú mi jí, ti Pix, ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ orí fóònù ti Bùràsíìlì. November 2020 ni sẹ́ńtírà báńkì wọn gbé e dé, kíá ni owó ń wọlé, kódà lálẹ́ Sátidé, aráàlú kì í san kọ́bọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, àwọn tó ń tajà létí òkun náà ń gbà á, wọ́n kàn lẹ kóòdù mọ́ igbá ni. Wọ́n ní kí wọ́n tó kọ òfin ẹ̀, wọ́n pe báńkì ńlá, báńkì kékeré, àwọn tó ń ṣe áàpù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù jọ, wọ́n jọ ń sọ ọ́. N ò rò pé ẹni tó ń ta àgbọn wà níbẹ̀ o, ká má tan ara wa. Àmọ́ ó jọ pé ẹnì kan rántí ẹ̀.

Wọ́n wá ní ká béèrè ìbéèrè. Mo nawọ́. Maíkì lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó lọ sọ́wọ́ òsì, ọkùnrin kan gbà á ó sọ ìtàn ayé ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì béèrè nǹkan kan, ni wọ́n bá ní àkókò ti lọ, kí àwa tó kù fi ìbéèrè ránṣẹ́ látorí QR kóòdù tó wà lẹ́yìn káàdì. Mo fi ránṣẹ́. Títí di òní.

Ibi tí kọ́nfúrẹ́ǹsì yẹn ti wá wúlò fún mi, ẹ̀gbẹ́ tábìlì tíì ni. N38,000 kọ́sítọ́mà kan ti há láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, mo ti san án fún un látàpò ara mi torí kò ní í gbọ́ àlàyé, mo sì ti pe nọ́ńbà àwọn tó ni ẹ̀rọ títí ó fi sú mi. Ẹ wò ó o, láti 2020 ni CBN ti sọ pé owó POS tó bá há ò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Mo rí ọmọbìnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ yẹn gan-an, ó ń bu ṣúgà sí tíì, mo kí i, mo fi ríṣíìtì hàn án lórí fóònù. Ọmọ dáadáa ni, ó ní "ẹ má bínú mà", ó ya fọ́tò ẹ̀, ó tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé ti ẹ̀rọ aládírẹ́sì yẹn fún mi lédè Yorùbá, ó yé mi ju gbogbo síláìdì lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì owó wọlé.

Inú mi dùn, inú mi sì bà jẹ́. Torí kì í ṣe wákàtí 72 ló gbowó yẹn fún mi, tíì ni. Obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Mókólá, tiẹ̀ há fún N61,000, ó ti lé lóṣù kan, kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ṣé kí n máa wá tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ náà ni?

Lánàá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún fi líǹkì òmíì ránṣẹ́, ó ní àwọn tó tètè sanwó máa rí ẹ̀dínwó. Mo fi vóìsì nóòtì fèsì, mo ní kó bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é tí wọ́n bá lè fún oní-POS márùn-ún láyè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìjókòó òkè yẹn, ká sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá, kí ẹlòmíì túmọ̀ ẹ̀ fáwọn tí ò gbọ́. Ó kọ́kọ́ fi ojú ẹ̀rín ránṣẹ́, mẹ́ta. Nígbà tó yá ó ní "Àǹtí, màá béèrè." Mo ti bá obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi sọ ọ́, ó ní tí wọ́n bá gbà, ríṣíìtì N61,000 yẹn lòun máa kọ́kọ́ gbé sójú ògiri.