Tàtàṣé kò ní akọ, kò ní abo

Àwòrán kan ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n dojú ìdí tàtàṣé sókè, wọ́n ní èyí tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta (ìyẹn àwọn kókó tó yọ nídìí rẹ̀), akọ ni. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, abo. Wọ́n tún ní hóró abo nìkan ni ká gbìn sí nọ́sìrì, torí akọ kì í so.

Irọ́ ni. Ẹ tẹjú mọ́ òdòdó ata: akọ àti abo jọ wà nínú òdòdó kan ṣoṣo ni. Apá abo òdòdó yẹn ló ń wú di èso, báwo ni èso ṣe wá fẹ́ jẹ́ akọ? Irú ata náà àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí nígbà tó ń tanná ló ń pinnu iye ẹsẹ̀. Igi kan náà lè so méjèèjì. (Ata rodo tó rún jọ ńkọ́, ta ló fẹ́ ka ẹsẹ̀ tiẹ̀?)

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni pé hóró inú tàtàṣé aláwọ̀ ewé kò tíì gbó, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù. Èyí tó pọ́n dáadáa ni kẹ́ ẹ mú. Hóró rẹ̀ máa ń tó ọjọ́ 8 sí 14 kó tó yọ, ó sì fẹ́ ooru. Tí ọ̀gbìn náà bá pé bí ọ̀sẹ̀ 6, ẹ máa gbé e síta díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí oòrùn má baà jó o, kẹ́ ẹ tó ṣí i lọ sórí ebè. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣí i.