Oníkàfé iwájú ilé, ẹ má tíì kó bẹ́ǹṣì yín

Bí wọ́n bá tún ilé Àgùdà kan, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil dé kọ́, ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí wọ́n kùn ún, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, tí wọ́n wá sọ ọ́ di ilé kàfé olówó, ta ni wọ́n kọ́kọ́ máa lé? Ẹni tó ń po Nescafé àti mílíìkì agolo níwájú ilé yẹn láti ìdájí ni, tó ń din ẹyin fún àwọn zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà. Kàfé rẹ̀ ò burú. Ẹbí ló ta ilé, wọ́n sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ kí oṣù tó pé. Ó kó o lóòótọ́! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Òfin okòwò OHADA, àjọ tó ń ṣe òfin okòwò kan náà fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, tí Benin ń lò, ò sọ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn ẹnu náà, àdéhùn ni. Bí onílé bá ta ilé, ọrùn ẹni tó rà á ni àdéhùn yẹn wà (abala 110). Ẹni tó bá ti ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún 2 lábẹ́ àdéhùn ti ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe fún òun, kò sì sí ohun tí wọ́n lè kọ sínú ìwé tó lè gba ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ (abala 123). Bí àdéhùn ò bá ní ọjọ́ ìparí, ó kéré tán, oṣù 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ìwé ìkìlọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀. Wíwó ilé láti tún un kọ́ wà lára ìdí tí òfin gbà kí onílé fi kọ̀ láti tún àdéhùn ṣe láìsan owó gbà-má-bínú. Kíkùn ilé kò sí níbẹ̀.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Bí àdéhùn bá ní ọjọ́ ìparí, ayálégbé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku oṣù 3. Bó bá gbàgbé, ẹ̀tọ́ ti bọ́. Ohun kejì ni owó ilé tí wọ́n ń kà lé ọmọ ẹbí kan ṣoṣo lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìjà, àwọn yòókù á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fi fóònù san án, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, kí olórí ẹbí sì fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tó tẹ́ tábìlì sí etí títì ò sí lábẹ́ ààbò yìí. Ilẹ̀ ìjọba ni, a sì rí bí wọ́n ṣe kó wọn kúrò ní 2017. Ní tiwọn, mo fẹ́ kí mérì ya ààyè tó ní omi sọ́tọ̀ fún wọn ládùúgbò kan náà, kó tó fọwọ́ sí ilé kàfé tuntun.